Jọ̀wọ́, Má Ka Ọ̀rọ̀ Nọ́ńbà Méjìlá Síta

Ọmọ mi àtàtà, Kí-ló-dé mi,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Èmi náà wà, mo ń jẹun, mo ń rìn, orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi jà nígbà tí mo bá fẹ́ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyẹn kò sì tó ohun tí à ń kọ lẹ́tà sí. Ọlọ́run tó gbé ọ dé orí àga ńlá kò ní jẹ́ kí àga náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ, àwọn tó ń ṣọ́ ọ kò ní rí ohun tí wọ́n ń wá, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ohùn rẹ kò ní há nígbà tí o bá dìde láti sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ènìyàn ńlá. Ṣe àmín sí i níbi tí o ti ń kà á, má ṣe é sínú, ṣe é síta, bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ bá tiẹ̀ wà nítòsí.

O máa ní kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù, mo sì mọ̀ pé o máa béèrè, torí kí ló dé ni bàbá rẹ fi sọ ọ́ lórúkọ àdápè nígbà tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí tí o kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè, obìnrin kan ló dá mi lóhùn, ó ní o kò lè gbé fóònù báyìí, ó ní kí n fi ohùn mi sílẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan bá dún. Nǹkan náà dún lóòótọ́, mo yáa pa á kíá, mo fi aṣọ wé fóònù náà, mo tì í sínú àpótí òwú. Ọmọ mi, mi ò fi ohùn mi sílẹ̀ níbì kankan mọ́. Èyí tí mo fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń dà mí láàmú, òun gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìròyìn ilé, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń bà mí lẹ́rù, mi ò ní lè kọ ọ́ tán.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Òrùlé ń jò níbi tí mo ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí, mo ti wá gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí náà bí mo bá jí, òun ni mo kọ́kọ́ ń rí, mo sì máa ń kí i. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó múlé gbè mí ti ra ààrò tuntun, búrẹ́dì rẹ̀ sì ti ń jóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ fún un. Nọ́ọ̀sì kì í wá lójoojúmọ́ mọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń wá lọ́sẹ̀, gbogbo wa wá ń tọ́jú àìsàn wa pamọ́ de ọjọ́ náà, ẹni tó bá sì ṣèèṣì ṣàìsàn lọ́jọ́ mìíràn, à ń bá a wí pé kò ní sùúrù.

Bàbá Awakọ̀, èyí tó máa ń fi ọkọ̀ ìjọba gbé àwọn olùkọ́ kiri nígbà tí o wà ní kékeré, kú nílé ìfowópamọ́. Má bẹ̀rù, ó wà láàyè. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló lọ gbà, akọ̀wé wo inú kọ̀ǹpútà, ó ní ẹ̀rọ sọ pé bàbá ti kú. Bàbá ní òun rèé. Akọ̀wé ní òun rí wọn lóòótọ́, òun sì bá wọn yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò rí wọn, kí wọ́n lọ gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n wà láàyè, kí ẹni tó mọ̀ wọ́n fọwọ́ sí i. Bàbá bi í pé ṣé òkú ló wọ bọ́ọ̀sì wá ni. Ó ní ìyẹn kò sí lábẹ́ iṣẹ́ òun. Látọjọ́ náà, bí a bá pe Bàbá Awakọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í jẹ́, ó fẹ́ ká pe òun lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá òun lójú pé òun ni. Ẹ̀rín lo fi ń ka èyí, àwa kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ti ń ba gbogbo àwa àgbà níbí, torí a ti rí i pé èèyàn lè wà ní ìdúró kó ti lọ nínú ẹ̀rọ. Fi èyí sọ́kàn, torí òun ló bí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì fi àwòrán rẹ hàn mí nínú fóònù rẹ̀, tó kà á fún mi pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí ẹ̀ka tó ń ṣe ìwádìí tó sì ń kọ́ni nípa ètò ìtọ́jú ará ìlú ní yunifásítì, mo jó, mo sì jókòó, torí ẹ̀rù bà mí láàárín ijó. Mo wo àwòrán náà dáadáa. Ìwọ lo wà láàárín, o ń rẹ́rìn-ín, ọrùn ẹ̀wù rẹ kò jókòó, ẹni tó rán an kò wọn èjìká rẹ, àwọn ènìyàn sì dúró yí ọ ká, gbogbo wọn ń wo kámẹ́rà àyàfi ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú lápá ìpẹ̀kun. Ìwọ ló ń wò. Mo ní kí nọ́ọ̀sì fẹ ojú rẹ̀ kó tóbi sí i, bó ṣe ń tóbi ni ó ń bà mí lẹ́rù sí i.

Ìyá Oníbúrẹ́dì bi mí pé kí ni iṣẹ́ náà gan-an. Mo ní o máa ń wádìí bó ṣe yẹ kí ìjọba tọ́jú arúgbó, aláìsàn, àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, o sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ tó jẹ́ pé àwọn náà ló máa di ìjọba lọ́la. Ó ní ṣé ìjọba kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn ni tí wọ́n fi ń lọ kọ́ ọ níwèé. Mo ní bí wọ́n bá mọ̀, ṣé nọ́ọ̀sì á máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó gba ìdí ààrò rẹ̀ lọ. Mo gbèjà rẹ dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ la jọ mọ ohun tí o sọ fún mi nígbà tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, kí fóònù tó já. O ní ẹni tó wà lórí àga náà ṣáájú rẹ ti gba ìsinmi odidi ọdún kan láti lọ ronú. Kí ni àga náà ṣe fún un? Èmi ti jókòó lórí àga ìránṣọ láti ìgbà tí mo wà ní wúńdíá, kò sí ìṣòro aṣọ kankan tó gbà ju ọ̀sán kan lọ kí n tó ronú tán. Jọ̀wọ́, yẹ abẹ́ àga náà wò kí o tó jókòó sí i láràárọ̀. O tún ní o kọ ìwé kan nípa àwọn arúgbó, wọ́n gbé e fún ẹni méjì láti kà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, o kò mọ orúkọ wọn, o kò mọ ojú wọn, òfin sì ni pé o kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ gbà á, ẹnì kejì bu ẹnu àtẹ́ lù ú láti òkè délẹ̀, o sì kọ̀wé padà, o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fi ojú pamọ́ bú ọ, o dúpẹ́. Mo ti ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yẹn látìgbà náà, mi ò mọ orúkọ tí mo lè dá, mo kàn ń sọ fún Ọlọ́run pé Ẹnì Kejì, òun náà á sì mọ ẹni tí mò ń bá wí. O wá ní igbákejì rẹ, tó ti ń fojú sí àga náà tipẹ́, ti kọ̀wé sí àwọn àgbà yunifásítì pé kí wọ́n máa ṣọ́ gbogbo ìwádìí tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ jáde. Fóònù já níbẹ̀. Kò sí ohun tó lè mú un kúrò lọ́kàn mi pé òun ló wọ kóòtù aláwọ̀ eérú yẹn. Nínú ìpàdé, má kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Ó dáa, mo ti dé ibi tó ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ méjì dé sí abúlé yìí, ọmọbìnrin kan tó lo awò ojú, àti ọkùnrin kan tó ga tó sì ń tẹrí ba bí ẹni tó ń wọlé kódà bó bá wà níta. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láti yunifásítì, wọ́n fẹ́ bi àwọn àgbà léèrè bí a ṣe ń gbé ìgbé ayé wa, ta ló ń tọ́jú wa, ta là ń pè bí ara kò bá yá. Wọ́n pe orúkọ olórí wọn, mo sì gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu àlejò. Mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn wá sí ibí gan-an. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mú wa, kódà olórí àwọn kò mọ ibi tí wọ́n máa lọ, kọ̀ǹpútà ló ṣà wá láàárín ọ̀pọ̀ abúlé. Ara gbogbo wa bù máṣọ. Kọ̀ǹpútà tó ní Bàbá Awakọ̀ ti kú ló tún wá ṣà wá.

Wọ́n kó wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn kíláàsì kan nílé ìwé, àwa mọ́kànlá àti Bàbá Awakọ̀. Ọmọ aláwò náà ka ìwé kan fún wa kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní tìfẹ́tìfẹ́ ni, ẹni tí kò bá fẹ́ lè máa lọ, ẹni tó bá sì dáhùn tán tó wá yí ọkàn padà lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láìsọ ìdí. Ohùn rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ fetí sí èyí tó kẹ́yìn yẹn nínú wa, torí ohun tó sọ ṣáájú rẹ̀ ti di wá létí: ó ní àwọn kò ní kọ orúkọ wa síbì kankan, nọ́ńbà ni a máa jẹ́, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa mọ̀ pé àwa ni. Ó ní nítorí ààbò wa ni. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn.

Ó yẹ kí o rí wa lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Bàbá Awakọ̀ dìde, ó jókòó, ó dìde. Ó ní nígbà tí orúkọ òun wà níwèé, wọ́n ní òun kú, kí ni wọ́n máa wá sọ nígbà tí kò bá sí orúkọ rárá. Èmi pàápàá, jìnnìjìnnì bò mí, àmọ́ mo ń tù wọ́n nínú torí ọmọ iṣẹ́ tìrẹ ni wọ́n. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló fa ọ̀rọ̀ náà. Ó bi mí pé ta ni olórí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Mo ní òun náà mọ̀ pé ọmọ mi ni. Ó ní ṣé wọ́n lè fi nọ́ńbà pa ìyá olórí wọn rẹ́. Mo ní wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Ó wá súnmọ́ mi, ó ní kí n yá òun ní ọ, títí òun á fi jáde ni, òun á dá ọ padà.

Ọmọ mi, mo yá wọn ní ọ. Kí ni kí n ṣe, wọ́n ń fà mí láṣọ. Bí mo ṣe fún ọ̀kan ni èkejì na ọwọ́, wọ́n sì ní kí n fún àwọn ní ohun tí àwọn á fi gbè é lẹ́sẹ̀ bí wọ́n bá bi àwọn léèrè. Mo pín ọ káàkiri bí ìgàn aṣọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì mú àpá orúnkún rẹ àti bí o ṣe ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Gògòrò tó ń ta kẹrosíìnì mú ìbà tó ṣe ọ́ nígbà tí o fẹ́ wọ ilé ìwé girama. Alágbàfọ̀ mú bí o ṣe máa ń béèrè kí ló dé lórí ohun gbogbo, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń kọ́ ohùn rẹ. Bàbá Awakọ̀ ní òun náà fẹ́ wọ̀ ọ́, òun á jẹ́ bàbá. Mo ní bàbá ọmọ mi ti kú. Ó ní òun náà ti kú nílé ìfowópamọ́, kí ló wá burú níbẹ̀.

Wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ara sì ti tù wọ́n. Èmi ni mo gbẹ̀yìn, torí mo dúró títí ẹ̀rù fi tán lára wọn, mi ò sì mọ̀ pé èmi ni ẹ̀rù náà ń kó ara jọ dè.

Mo wọlé, mo jókòó lórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lórí tábìlì, kò ju páálí ìṣáná lọ, iná pupa kan tàn lára rẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ aṣọ ọmọ aláwò náà ti tú, mo fẹ́ sọ fún un pé kó jẹ́ kí n bá a rán an, àmọ́ ojú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àárọ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù sì ń ba òun náà. Ó pa ẹ̀rọ náà ná, ó ní Mama, ọ̀rọ̀ kan ń rú àwọn lójú, gbogbo ẹni tó wọlé lónìí ló ní òun ló bí olórí àwọn, àwọn kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ó ní òfin àwọn ni pé ìbátan olórí iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sí lára àwọn tí wọ́n bi léèrè. Ó ní bí wọ́n bá rí ẹyọ kan, àwọn tí kò fẹ́ kí olórí àwọn wà lórí àga náà á ní ó kó ará ilé rẹ̀ sínú ìwádìí, wọ́n á pè é síwájú ìgbìmọ̀, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ á dànù. Ó wá wò mí lójú bí ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní ṣé ẹ̀yin náà ni ìyá wọn, Mama?

Ọkùnrin oníkóòtù eérú ni mo rí lójú mi. Mo rí i bó ṣe ń wò ọ́. Mo ní rárá, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ara ọmọ náà balẹ̀. Ó tan iná pupa, ó ní ó dáa, Mama, ọmọ mélòó lẹ bí. Ọmọ mi, mi ò tíì múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Bí mo bá ní mo bí ọ̀kan, á bi mí pé níbo ló wà, kí ló ń ṣe, mi ò sì mọ irọ́ pa ju ìlà kan lọ. Mo ní mi ò bímọ.

Iná náà kò ṣẹ́jú. Mo rò pé nǹkan kan á dún, pé ẹ̀rọ náà á kọ̀ ọ́, pé ògiri á dá mi lóhùn, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ọmọ náà kàn rọra mi orí pẹ̀lú àánú, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè kejì. Ó ní bí ara yín kò bá yá, ta lẹ máa ń pè. Mo ní kò sí. Ó ní ta ló wá wò yín gbẹ̀yìn láti ibòmíràn. Mo ronú, mo ní ẹni tó wá ka mítà iná. Ó ní nígbà tí òrùlé jò, ta ló bá yín tún un ṣe. Mo ní ó ṣì ń jò. Mo fẹ́ sọ pé o máa ń fi owó ránṣẹ́, àmọ́ ta ló ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí kò bímọ? Mo gbé e mì.

Gbọ́ mi dáadáa, mi ò fi èyí bá ọ wí. Irọ́ ni pé mi ò mọ̀ ọ́n, irọ́ ni pé mi ò bímọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo sọ lẹ́yìn wọn jẹ́ òótọ́. Òótọ́ wọ̀nyẹn sì tò tẹ̀lé irọ́ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí èyí tó ta ko ó, bí ẹni pé ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Ohun tó já mi láyà jù nìyẹn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìwádìí ló jókòó síwájú mi, kò ṣiyèméjì rárá, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó ṣiyèméjì.

Mo délé, mo fi omi yọ ẹnu mi, mo tún un yọ. Mo pe orúkọ rẹ, orúkọ tí mo sọ ọ́ gan-an, nínú yàrá, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, nítòsí fèrèsé. Mo ń dá ara mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ lásán ni, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ aláwò náà wá dágbére, ó mú inú mi dùn ná, ó jẹ́ kí n bá òun rán etí aṣọ rẹ̀. Bí mo ṣe ń rán an ló ń dúpẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn mọ́kànlá tó kù kò wúlò, àwọn á yọ ọ́ dànù, tèmi nìkan ló kù láti abúlé wa, òun ló sì mọ́ jù lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti gbà lọ́dún yìí. Ó ní wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, nọ́ńbà méjìlá ni wọ́n á kọ sí i lórí. Ó ní olórí àwọn ń múra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá tí wọ́n fi ń fi olórí tuntun hàn, nínú gbọ̀ngàn, níwájú àwọn àgbà yunifásítì àti àwọn aláṣẹ ìjọba, òun sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní Mama, wọ́n á fi ẹnu ara wọn kà á síta. Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Ó ní pẹ̀lẹ́.

Látìgbà náà ni mi ò ti lè gbé oúnjẹ jẹ. Mo ń rí ọ bí o ṣe dúró nínú gbọ̀ngàn yẹn, pẹ̀lú ọrùn ẹ̀wù tí kò jókòó, o di ìwé mú, o sì ń ka pé obìnrin kan wà ní abúlé kan tí kò bímọ, tí kò sẹ́ni tó ń wá a wá. Àwọn ènìyàn ń káàánú. Oníkóòtù eérú pàápàá ń káàánú. O kò mọ̀ pé èmi ni, torí nọ́ńbà kò ní ohùn, kò ní ojú. Ẹnu tèmi ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù rẹ̀ ni mo fi ń sùn tí mo fi ń jí. Bí ẹnu tìrẹ bá tún sọ ọ́, tí ìyá sọ ọ́ tí ọmọ sọ ọ́, ta ló kù tó máa sọ pé irọ́ ni? Bí mo bá gbọ́ pé ó rẹ̀ ọ́, pé orí fọ́ ọ, pé ọkọ̀ rẹ ta nù lọ́nà, mo mọ ibi tí mo máa gbà pé ó ti wá. Má rẹ́rìn-ín mi. O ti kàwé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà kì í jẹ́ kí wọ́n sọ irú rẹ̀ sí ọ.

Nítorí náà, mò ń kọ̀wé sí ọ, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọmọ mi, gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ka ni mo fi ń kọ ọ́ sí ọ. Èmi ni nọ́ńbà méjìlá. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ọmọ aláwò ní kò pọn dandan kí n sọ ìdí, àmọ́ mo ti sọ ọ́. Mo mọ̀ pé bí o bá yọ tèmi, kò sí nǹkan kan tó kù láti abúlé wa, oníkóòtù eérú á rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lè béèrè ohun tí àwọn ọmọ rẹ wá ṣe níbí. Mo ti gbé e yẹ̀ wò láti ìhà méjèèjì bí aṣọ tí a kò mọ ojú rẹ̀, mò ń bẹ̀rù nítorí àga rẹ, ṣùgbọ́n mò ń bẹ̀rù nítorí ìwọ tí o jókòó lórí rẹ̀ jù. Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá gba àga náà, àga mi wà nídìí ẹ̀rọ yìí, ó le, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ń lọ ronú fún ọdún kan nítorí rẹ̀.

Àwọn mọ́kànlá ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ṣe tán láti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ tara wọn, tí àwọn ọmọ náà bá padà wá, kìkì kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí i gàdàgbà gadagba. Bàbá Awakọ̀ ní kí wọ́n kọ tòun lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti dá ọ padà fún mi, gbogbo wọn, àyàfi Alágbàfọ̀ tó ṣì ń béèrè kí ló dé kiri, mo máa gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìyá rẹ kí ọ. Bàbá rẹ tuntun náà kí ọ.

Ti owó ńkọ́? Òrùlé nílò páànù àti ẹni tó máa gun òkè, fi díẹ̀ ránṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé owó tí o bá fi ránṣẹ́ ni kò ní jẹ́ kí o rí owó ọkọ̀ wọ̀ wá, tọ́jú owó náà, jẹ́ kí òrùlé máa jò, mo ti mọ ibi tó ń kán sí. Wá sílé. Má mú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Jókòó síwájú mi kí o bi mí ní ìbéèrè yẹn, bó ṣe yẹ kí wọ́n bi í, ọmọ mélòó lẹ bí, Mama, kí n lè fi ẹnu tí mo fi bà á jẹ́ tún un ṣe.

Ọlọ́run tí kò nílò ẹ̀rọ kó tó mọ ẹni tó wà láàyè, á máa rí ọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ìbẹ̀rù sọ kò ní rí ojú ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ. O ó pẹ́ lórí àga, o ó pẹ́ láyé ju àga lọ, ìwọ ni o ó sin mí, èmi kò ní sin ọ́. Ṣe àmín síta.

Èmi ni, Ìyá Kí-ló-dé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo abúlé yìí ṣe ń pè mí láti ìgbà tí o ti mọ ìbéèrè bi, mi ò sì ní orúkọ mìíràn tí mò ń jẹ́.